Nígbà tí Ojú Bá Jí tí Ara Kò Tíì Jí: Ẹ̀kọ́ lórí Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ Ojú Oorun

Nínú àwọn ohun tí ń dẹ́rù ba ènìyàn ní òru, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó tó kí ojú ẹni là lórí ibùsùn, kí ènìyàn mọ ibi tí òun wà, kí ó sì fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ̀ láti gbọ́ràn. Ẹni tí ó bá ń ṣe lè máa gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń dún. Ó lè máa rí fèrèsé àti aṣọ tí ó fi kọ́. Ó fẹ́ pe ẹni tí ó sùn tì í, ohùn kò jáde. Ó dà bí ẹni pé a gbé àpò sìmẹ́ńtì lé e ní àyà. Àwọn mìíràn a tún máa rí òjìji kan tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, tàbí kí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, bí ìgbà tí a bá tú okùn lára ènìyàn, ara yóò jí lójijì. Ẹni náà yóò jókòó, òógùn yóò bò ó, àyà rẹ̀ yóò sì máa lù kìkì.

Èyí ni a pè ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ojú oorun nínú ẹ̀kọ́ yìí. A fẹ́ kí olúkúlùkù ẹbí mọ ohun mẹ́ta nípa rẹ̀: ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ní àkókò náà, ìdí tí kò fi yẹ kí a di ẹrù ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni, àti ọ̀nà tí a lè gbà dín in kù.

ORÚKỌ TÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN FÚN UN

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka irú ìrírí báyìí mọ́ ogun òru, èyí ni ogun tí wọ́n gbà pé àwọn ọ̀tá tí a kò fojú rí ń gbé ko ẹni tí ó bá ń sùn. Ní ọdún 2007, àwọn oníṣègùn méjì, Aina àti Famuyiwa, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde lórí ogun òru gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn wa ṣe gbà á gbọ́. Ohun tí wọ́n kọ gbòòrò ju ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan lọ, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ ojú àlá àti ọ̀rọ̀ ọkọ tàbí aya ọ̀run. Síbẹ̀, ó fi hàn pé kì í ṣe ohun kékeré ni ìdààmú òru jẹ́ ní àárín wa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Japan, orúkọ tí wọ́n fún un ni kanashibari, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe pé a fi irin de ènìyàn. Ní erékùṣù Newfoundland ní Kánádà, àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé arúgbóbìnrin kan ni ó wá jókòó lé àwọn ní àyà. Ní Brazil, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Pisadeira, obìnrin gbígbẹ kan tí ń gbé orí òrùlé, tí ó sì máa ń tẹ àyà ẹni tí ó bá yó bámúbámú tí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí dáradára. Ojú tí ń yọ sí ènìyàn ní òru yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣe ara kò yàtọ̀: ojú là, ara kò mira, àyà wúwo, ẹ̀rù sì ń bani. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn kan ní ilé wa ni ó ń fa èyí, kí ni ó ń fà á fún ará Japan tí kò mọ ilé wa? Ohun tí ó bá rí bákan náà ní ibi gbogbo, inú ohun tí gbogbo ènìyàn jọ ní ni ó yẹ kí a ti wá ìdí rẹ̀, èyí ni ara ẹ̀dá fúnra rẹ̀.

Ó sì wọ́pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1992, Ohaeri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì 95 ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí ó wà ní Abẹ́òkúta. Ọkùnrin 58 àti obìnrin 37 ni wọ́n. Nínú 100 wọn, 44 ni ó sọ pé ó ti ṣe àwọn rí, bí ó ṣe ń ṣe ọkùnrin àti obìnrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èrò tí ó gbilẹ̀ jù láàárín wọn ni pé iṣẹ́ àjẹ́ ni. Bí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn bá lè rò bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a fi àwọn òbí wa tí kò ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 2011, Sharpless àti Barber ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 35 jọ, èyí tí ó kan ènìyàn tí ó ju 36,000 lọ. Wọ́n rí i pé nínú 100 ènìyàn, nǹkan bí 8 ni ó ti ṣe rí, ṣùgbọ́n láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ó tó nǹkan bí 28 nínú 100. Ìdí tí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò hàn sí wa láìpẹ́.

BÍ OORUN ṢE Ń ṢIṢẸ́

Oorun kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Oríṣi oorun ńlá méjì ni ọpọlọ máa ń gbà kọjá ní òru. Nínú oríṣi kìíní ni oorun àsùnwọra wà, nígbà tí ara ń sinmi tí mímí sì ń lọ ní ìrọ̀rùn. Oríṣi kejì ni oorun àlá. Ní ọdún 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà ròyìn pé àwọn àkókò kan wà ní òru tí ẹyinjú ẹni tí ń sùn máa ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú, àti pé bí a bá jí i ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń sọ pé òun ń lá àlá. Ìyípo oorun kan a máa gba nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Bí ilẹ̀ bá sì ṣe ń súnmọ́ àtimọ́ ni àsìkò oorun àlá máa ń gùn sí i.

Nígbà tí a bá ń lá àlá pé à ń sá fún ejò, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé à ń sáré ní tòótọ́. Bí ẹsẹ̀ bá gbọ́ àṣẹ náà, a ó já sílẹ̀ láti orí ibùsùn, tàbí kí a ṣe ẹni tí ó sùn tì wá ní èṣe. Nítorí èyí ni a fi dá ìdènà kan mọ́ ara wa. Láti ìdí ọpọlọ, níbi tí ó ti so mọ́ mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn, ni àṣẹ ti máa ń jáde pé kí àwọn iṣan ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ọrùn dẹ̀ pátápátá. Àwọn èròjà ara méjì tí a ń pè ní GABA àti glycine wà lára ohun tí ń mú àṣẹ náà ṣẹ. Iṣan tí ń yí ẹyinjú kò sí nínú àwọn tí a tì pa, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ńlá tí ó dábùú ìsàlẹ̀ àyà, èyí tí a fi ń mí.

Michel Jouvet, onímọ̀ ará Faransé, fi ológbò ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1959. Nígbà tí a ba ibi kékeré kan jẹ́ ní ìdí ọpọlọ ológbò, ológbò náà a máa dìde nínú oorun àlá, a sì máa dọdẹ ohun tí kò sí níbẹ̀. Èyí fi hàn pé ààbò ni dídẹ̀ tí ara ń dẹ̀ ní ojú oorun jẹ́ fún wa. Alẹ́ kan kò lọ kí ó má ṣẹlẹ̀ sí olúkúlùkù wa. A kò mọ̀ ni, nítorí pé a ti sùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọlọ́dẹ ilé ṣe àpèjúwe. Ní alaalẹ́, ọlọ́dẹ a máa ti géètì, kí ohunkóhun má baà jáde tàbí wọlé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ṣí i kí onílé tó jí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, onílé ṣèèṣì jí ṣáájú àsìkò, ó fẹ́ jáde, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ. Onílé kò rí ọ̀nà jáde, ṣùgbọ́n kò sí olè nínú ilé, ẹnikẹ́ni kò sì dè é mọ́lẹ̀. Bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ojú oorun ti rí nìyẹn. Ọkàn ti jí, ṣùgbọ́n ìdènà oorun àlá kò tíì kúrò lára. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó lójú ẹni tí ó ń ṣe, géètì náà yóò ṣí fúnra rẹ̀.

ÌDÍ TÍ ÀYÀ FI Ń WÚWO TÍ A SÌ Ń RÍ ÒJÌJI

Ní ọdún 1999, Cheyne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà pín ohun tí àwọn ènìyàn ń rí ní àkókò náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Olúkúlùkù wọn ni ó ní àlàyé.

Èkíní ni ìwúwo àyà. Nínú oorun àlá, mímí kì í lọ déédéé, kì í sì í jinlẹ̀, nítorí àwọn iṣan àárín egungun ìhà ti dẹ̀. Bí ẹni tí ó jí bá fẹ́ fi agbára mí kanlẹ̀, àwọn iṣan náà kò ní dá a lóhùn. Ọpọlọ a wá túmọ̀ rẹ̀ sí pé ohun kan ni ó tẹ òun ní àyà. Èémí kò dúró o. Iṣan ìsàlẹ̀ àyà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní gbogbo àkókò náà.

Èkejì ni ẹni tí a rí tàbí tí a gbọ́. Apá ọpọlọ tí ń ṣọ́ wa lọ́wọ́ ewu a máa ṣiṣẹ́ gidigidi nínú oorun àlá. Bí a bá jí tí a kò lè mira, ìbẹ̀rù yóò pọ̀ sí i, ọpọlọ yóò sì máa wá ẹni tí ó fà á. Nígbà náà ni àlá tí kò tíì parí yóò dà pọ̀ mọ́ iyàrá tí a ń fi ojú lílà wò. Aṣọ tí a fi kọ́ yóò di ènìyàn. Òjìji náà sì lè gbé ojú ẹni tí a mọ̀ wọ̀, pàápàá ẹni tí a ti ń bẹ̀rù tàbí tí a ti ń fura sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí ó dà bí ẹni pé a gbé ènìyàn sókè, tàbí pé ó ń fò, tàbí pé ó bọ́ kúrò nínú ara rẹ̀. Ọpọlọ a máa fi ìròyìn tí ń bọ̀ láti inú etí àti láti ara iṣan mọ ibi tí ara wà. Nígbà tí ìròyìn wọ̀nyí kò bá bára mu, òun a fi àlá dí àlàfo náà.

ÀWỌN TÍ Ó SÁBÀ MÁA Ń ṢE

Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ọ̀dọ́. Àwọn ohun tí ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un nìwọ̀nyí:

1. Àìsùn tó. Ẹni tí oorun bá ti jẹ ní gbèsè, bí ó bá fi orí lélẹ̀, oorun àlá lè tètè gbé e, kí ó sì gbé e pẹ̀lú agbára.
2. Oorun tí kò ní àsìkò, bí irú ti nọ́ọ̀sì, ọlọ́dẹ, awakọ̀ òru, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kàwé mọ́jú nítorí ìdánwò.
3. Oorun tí a ń já ní ìdajì, bí irú ti ìyá ọmọ tuntun.
4. Fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kí ojú kọ sí àjà ilé.
5. Ìrònú, ìbẹ̀rù àti ọ̀fọ̀, pẹ̀lú ìpayà tí ó kù lára ẹni tí ó ti rí ìjàm̀bá tàbí ìkọlù.
6. Ìdílé. Ó lè ṣe ju ẹnì kan lọ nínú ẹbí kan, èyí kò sì túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń lé ìdílé náà kiri.

OHUN TÍ Ó LÈ ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ILÉ

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Àpèjúwe ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Ọmọbìnrin kan ń múra ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Agogo méjì òru ni ó ń sùn, agogo márùn-ún ni ó ń jí. Iyàrá kan náà ni òun àti ìyá bàbá rẹ̀ ń sùn. Ní òru ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ là, ara rẹ̀ kò mira, ó sì rí ìyá àgbà tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ní òwúrọ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ìyá àgbà ni mo rí. Àwọn ni wọ́n tẹ̀ mí mọ́lẹ̀." Ìyá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí ọmọ jẹ oúnjẹ tí ìyá àgbà bá fọwọ́ kàn. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ibi tí a ti pàṣẹ fún un pé kí ó ṣe àìsùn ọjọ́ méje pẹ̀lú ààwẹ̀. Kí ọjọ́ méje tó pé, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí ó ti ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti di ti ojoojúmọ́. Gbogbo ẹbí wá gbà pé ogun náà ń le sí i nítorí pé àṣírí ọ̀tá ti tú. Àbúrò bàbá ní kí wọ́n dá ìyá padà sí abúlé. Ìyá arúgbó ń dá jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, kò sí ọmọ-ọmọ tí ó súnmọ́ ọn.

Nígbà tí ọmọ náà dákú ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí àárẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ibùdó ìlera. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Agogo mélòó ni o ń sùn, ọmọ mi?" Ó dáhùn pé, "Agogo méjì, mà. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, n kò sùn rárá." Nọ́ọ̀sì tún bi ìyá àgbà, tí ó bá wọn wá, bóyá ó máa ń jí ní òru. Ìyá ní, "Mo máa ń jí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ tọ̀. Ara àgbà ni." Wọ́n ní kí ọmọ máa sùn ní agogo mẹ́wàá, kí ó máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ó sì padà sí oúnjẹ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà dín kù pátápátá. Bàbá ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dárí jì wá." Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí ìyá àgbà ṣẹ̀ ni pé ó dìde ní òru láti lọ tọ̀.

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe náà wúlò níbi tí ẹ̀rí bá ti hàn gbangba. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí, inú oorun wa ni igbe náà ti wá. Ohun tí a rí ní ojú oorun kì í ṣe ẹ̀rí tí a lè fi dá ènìyàn lẹ́bi. Opó, arúgbó, ìyàwó ilé tí kò tíì bímọ, àti ọmọ òrukàn tí ń gbé ọ̀dọ̀ ẹbí ni irú ẹ̀sùn yìí sábà máa ń já lé lórí, nítorí pé wọn kò ní ẹni tí yóò gbèjà wọn. Ó yẹ kí a tún rántí pé abala 210 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn.

Ẹ tún wo bí ìwòsàn tí wọ́n yàn ṣe di oúnjẹ fún àìsàn náà. Àìsùn ni ó fa ìtẹ̀mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi àìsùn wò ó. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ẹni tí ó bá gbàdúrà kí ó tó sùn, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ó ti ṣe ara rẹ̀ ní oore. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹni tí ń rí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ má ṣe fi oorun rẹ̀ du ara rẹ̀.

BÍ Ó BÁ Ń ṢE YÍN LỌ́WỌ́

1. Ẹ má bá a jà. Bí ẹ bá ti ń fi agbára dìde ni ìbẹ̀rù yóò máa pọ̀ sí i. Ẹ sọ nínú ọkàn yín pé, "Ara mi kò tíì jí. Yóò jí láìpẹ́."
2. Ẹ jẹ́ kí èémí máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfi ipá mí.
3. Ẹ gbìyànjú láti mi ohun kékeré: ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan, tàbí ahọ́n. Ẹ tún lè yí ẹyinjú síhìn-ín sọ́hùn-ún.
4. Ẹ bá ẹni tí ẹ jọ ń sùn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé bí ó bá gbọ́ tí ẹ ń kérora nínú oorun, kí ó fọwọ́ kàn yín, kí ó sì pe orúkọ yín. Ìfọwọ́kàn sábà máa ń tú ara sílẹ̀.
5. Bí ara bá ti jí, ẹ dìde jókòó díẹ̀ kí ẹ tó tún sùn, kí ó má baà padà wá lójú ẹsẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ DÍN IN KÙ

Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán ní òru kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́ tí ó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10. Ẹ jẹ́ kí àsìkò tí ẹ ń sùn àti èyí tí ẹ ń jí máa bára mu lójoojúmọ́. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn. Ẹ má jẹ obì, ẹ má sì mu kọfí láti ìrọ̀lẹ́ lọ, nítorí èròjà tí ń lé oorun wà nínú àwọn méjèèjì. Ọtí líle lè tètè gbé ènìyàn sùn, ṣùgbọ́n á já oorun rẹ̀ ní òru. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti òru, kí ẹbí rẹ̀ jẹ́ kí ó sùn ní ọ̀sán láìsí ariwo. Ìyá ọmọ tuntun, kí ọkọ àti àwọn ará ilé bá a gbé ọmọ kí ó lè sùn. Ẹ má ra oògùn oorun fúnra yín láìrí dókítà.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí ó bá ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í pa ènìyàn, kì í sì í fi àbùkù sílẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn mìíràn wà tí a lè ṣì pè ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

1. Bí ó bá ń ṣe léraléra, tàbí tí ìbẹ̀rù rẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn lè sùn mọ́.
2. Bí oorun bá ń gbé ènìyàn lójijì ní ọ̀sán, tàbí tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ nígbà tí ó bá rẹ́rìn-ín tàbí tí inú bí i. Èyí lè jẹ́ àìsàn tí a ń pè ní narcolepsy, ó sì ní ìtọ́jú.
3. Bí ara bá ń gbọ̀n rìrì ní ojú oorun, tí ènìyàn gé ahọ́n jẹ tàbí tí ó tọ̀ sára. Ó lè jẹ́ wárápá.
4. Bí ènìyàn bá ń hanrun gidigidi, tí èémí rẹ̀ ń dúró díẹ̀ tí ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfàyà.
5. Bí ìbànújẹ́ tàbí ìpayà kò bá kúrò lọ́kàn ènìyàn ní ọ̀sán.

Èyí tí kò gbọdọ̀ gba ìdádúró rárá ni pé kí ènìyàn jí, kí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ apá kan rọ, kí ó má sì padà bọ̀ sípò. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ a máa tú gbogbo ara sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí kò bá tú lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́, ẹ má sì gbé e yà sí ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ kékeré lè jókòó dìde ní òru, kí ó máa ké, kí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kí ó má sì dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Ní òwúrọ̀ kò ní rántí. Ti ọmọ yìí ni òdìkejì ìtẹ̀mọ́lẹ̀: ara ni ó jí, ọkàn ṣì ń sùn. Ẹ má lù ú, ẹ má fi ipá jí i, ẹ má sì bi í ní ìbéèrè ẹgbẹ́ òru. Ẹ dúró tì í kí ó má baà ṣe ara rẹ̀ ní èṣe, yóò sì padà sùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni èyí máa ń fi sílẹ̀ bí wọ́n bá ti ń dàgbà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸBÍ

1. Kí ni ìdí tí ara wa fi máa ń dẹ̀ nígbà tí a bá ń lá àlá?
2. Ta ni ó ń sùn jù pẹ́ nínú ilé wa, kí sì ni a lè bá a ṣe kí ó lè tètè sùn?
3. Ǹjẹ́ a ti fura sí ẹnìkan rí nítorí ohun tí a rí ní ojú oorun? Kí ni ó yẹ kí a bá ẹni náà sọ?
4. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti àrùn rọpárọsẹ̀?

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ìlera ni oògùn ọrọ̀, oorun sì wà lára ìlera. Bí ọmọ yín bá sáré wá bá yín ní òru pé ohun kan tẹ òun mọ́lẹ̀, ẹ gbà á mọ́ra, nítorí òótọ́ ni ó ń sọ nípa ohun tí ó rí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó bi í pé ta ni ó rí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé wákàtí mélòó ni ó sùn.